Alántakùn Orí Igi Gúáfà

Ẹni tó bá ti sun họ́sítẹ́ẹ̀lì wa rí kò ní kí ẹnikẹ́ni júwe alántakùn fún òun. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wà lókè fáànù, ó wà nínú bàtà tí o ò wọ̀ láti ìgbà tí ìdánwò ti parí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, sálúbàtà la fi ń kí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé sálúbàtà yẹn sílẹ̀ ná. Àwọn alántakùn kan wà tí wọ́n ti yà sínú ìwé láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n fi ọwọ́ kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tiwọn ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí pé ọ̀rọ̀ wọn kan èmi àti ìyá àgbà mi, ó sì lè kan ìwọ náà.

Ìyá tó bí ìyá mi ń gbé ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkirè, oko kòkó ló yí ilé wọn ká. Wọn ò lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nínú ilé yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá pa fìtílà, àwọn ni kẹ́ ẹ bi. Nígbà kan tí mo lọ lo họlidé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sọ fún mi pé alántakùn ńlá tó ń gbé ẹ̀yìn àpótí wọn mú ọmọńlé jẹ. Wọ́n ní ojú àwọn ló ṣe. Ó fi ẹsẹ̀ dì í mú, ó já a lọ́rùn, ó sì jókòó tì í títí. Nígbà tí wọ́n máa gbálẹ̀ láàárọ̀, awọ gbígbẹ àti ìrù ló kù.

Ní ọdún kejì mi nílé ìwé, nínú kọ́ọ̀sì tó dá lórí àwọn ẹ̀dá tí kò ní egungun ẹ̀yìn, olùkọ́ wa kan ní kòkòrò nìkan ni alántakùn ń jẹ. Mo nawọ́. Mo sọ ohun tí ìyá àgbà rí. Wọ́n bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní ìyá ìyá mi ni. Wọ́n ní, "Ìwé wo ni màmá yẹn kọ?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Jókòó jàre. Sáyẹ́ǹsì là ń ṣe níbí, kì í ṣe àlọ́." Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ kíláàsì ti ń pè mí ní Ọmọ Alántakùn. Orúkọ yẹn ò dùn mí, ẹ ṣì lè pè mí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló dùn mí: ìwé wo ni wọ́n kọ? Àfi bíi pé ẹni tí ò kọ̀wé ò lójú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró gbọin lọ́jọ́ tí mo ṣí ìwé àwòrán ńlá kan ní láíbìrì tí mo rí alántakùn tó gùn lé ẹyẹ. Ẹ̀ka igi gúáfà ni, ewé rẹ̀ ti luhò, èso ń bẹ lórí rẹ̀. Lórí ẹ̀ka náà ni alántakùn onírun kan wà, dúdú, ó tóbi. Ẹyẹ kékeré kan sùn kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó dojú sókè, ìtẹ́ rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀ wà nítòsí. Alántakùn onírun kejì wà lókè, èèrà ló ń jẹ ní tirẹ̀. Èèrà ń já ewé, èèrà ń di ara wọn mú bí ẹni ń ṣe afárá. Ẹni tó bá wo àwòrán yẹn fún ìṣẹ́jú kan, ara rẹ̀ á máa rìn ín.

Obìnrin kan ló yà á. Maria Sibylla Merian ni orúkọ rẹ̀. Frankfurt ní Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1647. Láti kékeré ló ti ń sin kòkòrò tó ń wo bí ìdin ṣe ń di labalábá, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé inú ẹrọ̀fọ̀ àti ohun jíjẹrà ni kòkòrò ti ń hù jáde. Ní 1699, nígbà tó ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ó ta àwọn àwòrán rẹ̀ kó lè rówó ọkọ̀, ó sì wọkọ̀ ojú omi láti Amsterdam lọ sí Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ Dorothea Maria. Ọba kankan ò rán an, kò sì sí ọkọ tó mú un dání. Àìsàn ló lé e padà ní 1701. Ní 1705, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Amsterdam: Metamorphosis insectorum Surinamensium, àwòrán ọgọ́ta. Ìkejìdínlógún nínú wọn ni ti igi gúáfà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà fún àwa tí à ń ṣe ìwé ìròyìn tiwa ní fọ́tókọ́pì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, ẹ ti mọ ìdajì rẹ̀. Merian á kọ́kọ́ fi ọ̀dà olómi ya àwòrán sórí awọ ẹran tí wọ́n fá tó dán. Ẹni tó mọ̀ ọ́n fín á wá fi irin ṣóńṣó fín ìlà rẹ̀ sára pátákó bàbà, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, títí dé irun ẹsẹ̀ alántakùn. Wọ́n á fi tàdáwà ra bàbà náà, wọ́n á nù ún kúrò lójú rẹ̀, èyí tó wọnú ìlà nìkan ni yóò kù. Wọ́n á wá gbé bébà tó tutù lé e, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Bébà á fa tàdáwà jáde látinú ìlà. Ohun tó wà lápá ọ̀tún lára bàbà á bọ́ sápá òsì lórí bébà, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí.

Gbogbo wàhálà yẹn, dúdú àti funfun ló ṣì já sí, bíi ìwé wa yìí gẹ́lẹ́. Àwọ̀ kò sí nínú ẹ̀rọ nígbà yẹn. Bí o bá fẹ́ àwọ̀, o máa sanwó sí i, ẹnì kan á sì jókòó ti búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà, á kùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan: ewé, gúáfà, ẹyẹ, alántakùn. Tó bá parí ọ̀kan, á fa òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà méjì ìwé kan náà kì í fi í jọra délẹ̀délẹ̀. Alántakùn tó pọ́n bí èédú iná nínú ìwé ọlọ́rọ̀ kan lè dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò nínú ti ẹlòmíràn. Merian àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mọ iṣẹ́ ọ̀dà yìí dáadáa. Nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn, àwọn tó ń kùn ún, a ò rí orúkọ ọ̀pọ̀ wọn. Orúkọ ẹni tó fín bàbà máa ń wà nísàlẹ̀ àwòrán nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ti ẹni tó kùn ún kì í sí níbẹ̀.

Ẹ lè ní kí wá ni wọ́n ń fi àwọ̀ ṣe? Ní láàbù wa, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Pẹ́ńsù HB, ìlà tó mọ́, kò gbọdọ̀ sí ṣéèdì, kò gbọdọ̀ sí àwọ̀. Bí o bá fi báírò aláwọ̀ ewé kan nǹkan, o pàdánù máàkì. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i. Labalábá, o lè fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ pátákó, á gbẹ, àwọ̀ ìyẹ́ rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Alántakùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ikùn rẹ̀ rọ̀. Bó bá gbẹ, á hunjọ. Bí o bá sì rì í sínú ọtí líle kó má bàa jẹrà, díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣí, á di bí omi ẹ̀kọ tó ṣá. Ẹ lọ wo èyí tó wà nínú ìgò ní láàbù wa, ẹ ó mọ̀ pé mi ò purọ́. Nítorí náà, nígbà tí kò tíì sí kámẹ́rà, ọwọ́ ẹni tó ń fi ọ̀dà kun àwòrán nìkan ni àwọ̀ alántakùn tó wà láàyè lè sá sí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ràn alántakùn fi ń fara dà á. Ní London, Eleazar Albin, ẹni tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ọ̀dà olómi, tẹ ìwé alántakùn tirẹ̀ jáde ní 1736. Ní Sweden, Carl Clerck tẹ Svenska Spindlar jáde ní 1757, àwọn alántakùn ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú àmì ẹ̀yìn wọn. Ìwé Clerck yẹn lágbára gan-an. Gbogbo orúkọ sáyẹ́ǹsì àwọn ẹranko, ìwé tí Linnaeus tẹ̀ ní 1758 ni wọ́n ti ń kà wọ́n, èyí tó bá ṣáájú rẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan. Ti Clerck nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. Nínú gbogbo ẹranko ayé, alántakùn ló gborúkọ ṣáájú. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tẹ́ ẹ bá tún gbé sálúbàtà.

Linnaeus yẹn kan náà ló wo àwòrán Merian tó sì fún alántakùn orí gúáfà ní orúkọ ní 1758: Aranea avicularia. Àwọn tó gbọ́ èdè Látìn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló wà nínú orúkọ yẹn. Ṣé ẹ rí i? Àwòrán kan tí obìnrin kan yà ló bí orúkọ náà.

Nígbà tó yá, wọ́n yí i padà. Wọ́n ní irọ́ ni. Ní 1834, William Sharp MacLeay kọ̀wé láti Havana ní Cuba pé òun ò gbà pé alántakùn kan wà tó ń mú ẹyẹ. Ọ̀gá ńlá ni MacLeay. Ó wà lára ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ ọkọ̀ tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ẹrú, ní ìlú kan náà tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń pè ní Lukumí wọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ó dán an wò: ó fi irú ẹyẹ náà tí kò lágbára mọ́ sínú ihò alántakùn ńlá kan, alántakùn sá jáde kúrò nínú ihò fún ẹyẹ. Ó ní ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni alántakùn tirẹ̀ ń gbé. Ti Merian, orí igi ni. Ó fi ará ìsàlẹ̀ jẹ́rìí lé ará òkè lórí. Ní àkókò kan náà, Lansdown Guilding, àlùfáà kan ní erékùṣù St Vincent, gbé ìwé Merian síwájú, ó ń fi àwòrán rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Guilding ò dé Suriname rí. Merian ti kú láti 1717, kò lè nawọ́ sókè.

Ìgbà tí Henry Walter Bates tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1863, lẹ́yìn tó ti lo ọdún mọ́kànlá ní odò Amazon, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ní lẹ́bàá Cametá ní Brazil, òun rí alántakùn ńlá kan lára igi, ẹyẹ kékeré méjì ti há sínú okùn rẹ̀. Ọ̀kan ti kú, alántakùn wà lórí ìkejì tó ń kú lọ. Ó tún ní òun rí àwọn ọmọ kéékèèké nínú ìdílé ọmọ onílẹ̀ kan tí wọ́n so okùn mọ́ alántakùn irú rẹ̀ nídìí, tí wọ́n ń fà á kiri ilé bí ajá. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ka ibẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń bá ara wọn jà lé lórí ní Yúróòpù, àwọn ọmọ tí ò tíì pá eyín wọ̀nyẹn ń fi ṣeré ní pálọ̀.

Mi ò ní sọ pé gbogbo ohun tí Merian yà ló tọ̀nà. Ó kọ ọ́ pé ẹyin mẹ́rin ni ẹyẹ náà ń yé; méjì ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yé. Ó da irú èèrà méjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n: èyí tó ń já ewé àti èyí tó ń ṣígun. Alántakùn náà gan-an, kì í ṣe ẹyẹ ni oúnjẹ rẹ̀ ojoojúmọ́, kòkòrò ló ń jẹ jù. Ẹyẹ kàn ń bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àṣìṣe ẹyin da òótọ́ alántakùn nù. Bí ẹlẹ́rìí bá ṣi iye ẹyin kà, ṣé ìyẹn ní kò rí ẹyẹ ni?

Ìbéèrè tí mò ń bi ara mi látìgbà yẹn ni pé: ta ló tiẹ̀ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí han Merian? Kò dá wọ inú igbó lọ. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ẹrú òun ló ń fi àáké lànà níwájú, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń mú kòkòrò wá, àwọn ló ń sọ ohun tí ewéko kọ̀ọ̀kan wà fún. Ó dárúkọ ewéko, ó dárúkọ kòkòrò. Kò dárúkọ wọn. Ibi kan wà nínú ìwé yẹn, lábẹ́ òdòdó kan báyìí, tó kọ ọ́ pé àwọn obìnrin tó wà lóko ẹrú sọ fún òun pé èso òdòdó náà ni àwọn ń lò kí oyún lè bà jẹ́, kí ọmọ àwọn má bàa di ẹrú bíi tàwọn. Ó ní àwọn fúnra wọn ló sọ fún òun. Lára àwọn tó dárúkọ ilẹ̀ wọn níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n kó láti Guinea àti Angola. Ẹ mọ òdòdó yẹn o. Òun là ń pè ní Pride of Barbados, òun ni wọ́n gbìn sí ojú ọ̀nà ọgbà wa, tí a máa ń dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò mátíríkù. Títí dòní ni wọ́n ń pa àlọ́ Anansi ní Suriname, àlọ́ alántakùn ọlọ́gbọ́n tí àwọn Akan gbé sọdá òkun. Àwọn tó ń fi àáké lànà fún Merian kò kọ̀wé kankan, bíi ìyá àgbà mi. Síbẹ̀, ìmọ̀ wọn ló wà nínú ìwé tó wà ní ààfin ọba ní Windsor lónìí.

Mo ṣe fọ́tókọ́pì àwòrán igi gúáfà yẹn. Ẹ̀rọ wa náà ti mọ iṣẹ́ rẹ̀: dúdú birikiti, ẹyẹ ò hàn dáadáa. Mo ra ọ̀dà olómi tí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ń lò, mo jókòó tì í fún alẹ́ mẹ́ta, mò ń wo ìwé láíbìrì mò ń kùn ún. Alẹ́ kìíní, ewé àti gúáfà nìkan ni mo rí ṣe. Ọ̀dà máa ń ṣàn kọjá ìlà bí omi bá pọ̀ jù. Bí omi ò bá sì tó, á dì bí ẹ̀kọ. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ irú ojú tí àwọn tó ń ṣe é fún owó ní. Mo sì mọ nǹkan mìíràn: ohun tí o bá kùn, o ò lè sáré wò ó. Láti kun ẹsẹ̀ alántakùn mẹ́jọ, o gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti jáde. Alẹ́ kejì ni mo rí i pé alántakùn mìíràn wà nínú àwòrán náà tí mi ò kíyè sí. Kò nírun, ó pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn.

Ní họlidé tó tẹ̀ lé e, mo mú bébà náà lọ sí Ìkirè. Ìyá àgbà gbé e sójú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà. Onírun tó gun ẹyẹ ni mo rò pé wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Rárá o. Wọ́n fi ìka lé èyí tó pẹlẹbẹ.

"Ọkọ mi, èyí ni ti ẹ̀yìn àpótí mi."

Mo ní, "Ìyá, òkè òkun ni wọ́n ti yà á. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òun ni. Ṣé o ò rí ẹyin rẹ̀ tó gbé sábẹ́ àyà? Àpò pẹlẹbẹ, bíi kọ́bọ̀. Bó bá ti gbé e báyẹn, ibì kan ni á dúró sí, kì í jẹun. Ìgbà yẹn, ọmọńlé gan-an lè kọjá níwájú rẹ̀."

Mo padà sí láíbìrì lọ wò ó. Irú tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní huntsman ni, èyí tí kì í hun okùn láti ṣọdẹ, tó ń sáré lára ògiri. Irú rẹ̀ kan, Heteropoda venatoria, ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ olóoru ayé, inú ilé ènìyàn ló fẹ́ràn jù. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń mú ọmọńlé kéékèèké jẹ. Ìyá àgbà kò mọ orúkọ Látìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, gbogbo wa la ní ẹnì kan nílé tó mọ nǹkan kan tí kò sí nínú hándáùtì. Bàbá kan mọ ìgbà tí ejò ń yí awọ padà. Ìyá kan mọ ẹja tó ń sọ̀rọ̀ òjò kí òjò tó dé. Ohun mìíràn tí wọ́n ń sọ lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin lè jẹ́ méjì kí wọ́n ní mẹ́rin. Ẹ ṣáà bi wọ́n. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n rí i, ẹ kọ ibi tí wọ́n ti rí i, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó rí i, torí orúkọ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Nígbà tí mo ní kí n kọ orúkọ ìyá àgbà sí ìsàlẹ̀ bébà yẹn, wọ́n ní kí n má dààmú, ta ló máa kà á. Mo ní olùkọ́ mi kan ní. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Kọ ọ́ gàdàgbà, nígbà náà. Ojú àwọn olùkọ́ yín ò fi bẹ́ẹ̀ ríran."